Adẹ̀yìnmú Kì Í Tètè Gbó: Bí Pàṣípààrọ̀ Eléré Ṣe Ń Lọ Nínú Họ́kì Orí Yìnyín

Ní Kánádà àti ní àwọn ìlú olótùútù Amẹ́ríkà, awuyewuye kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ họ́kì orí yìnyín. Ẹgbẹ́ wọn ní ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gbá ọwọ́ ẹ̀yìn, ọmọ ogún ọdún. Lónìí ó gbá a bí ẹni tí wọ́n bí sórí yìnyín. Lọ́la ó ṣe àṣìṣe kan, góòlù wọlé, ẹgbẹ́ fìdí rẹmi. Àwọn kan á ní kí wọ́n tètè fi í gba àgbà tó ti mọṣẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Àwọn tó kù á fàáké kọ́rí pé ẹni tó bá jọ̀wọ́ ọmọ náà yóò fi ìka àbámọ̀ bọnu.

Mo fẹ́ là á yé yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kódà bí ẹ kò bá tíì wo eré náà rí. Ohun kan ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: ọ̀rọ̀ àkókò ni. Ẹni tó bá fi adẹ̀yìnmú tó ṣì kéré ṣe pàṣípààrọ̀, ọdún tí ń bọ̀ ló ń tà, kì í ṣe eré òní. Bí ẹ bá mọ bí ọdún wọ̀nyẹn ṣe gùn tó àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn, ẹ ó mọ ẹni tó ń sọ òótọ́ nínú àríyànjiyàn náà.

Eré náà fúnra rẹ̀

Nínú gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n ti ń gbá eré yìí, lórí omi tí wọ́n mú dì gbagidi. Líìgì tó ga jù lọ ni National Hockey League, tí gbogbo ayé ń pè ní NHL. Gígùn pápá wọn jẹ́ 200 ẹsẹ̀ bàtà, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 85. Pákó àti gíláàsì ló yí i ká. Àwọn eléré wọ bàtà tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó mú wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀pá gígùn tó tẹ̀ lẹ́nu sì wà lọ́wọ́ wọn. Wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù. Rọ́bà dúdú kan tó le, tó rí pẹlẹbẹ, tó sì rí roboto, ni wọ́n ń gbá. Puck ni orúkọ rẹ̀. Pọ́ọ̀kì ni a ó máa pè é níhìn-ín.

Eléré mẹ́fà ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní lórí yìnyín lẹ́ẹ̀kan náà: aṣọ́lé kan, adẹ̀yìnmú méjì, àti eléré iwájú mẹ́ta. Àwọn adẹ̀yìnmú yìí ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní defensemen. Iṣẹ́ wọn ni láti dáàbò bo ilé, kí wọ́n gba pọ́ọ̀kì lọ́wọ́ alátakò, kí wọ́n sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ti iwájú.

Eré náà yára débi pé kò sí ẹni tó lè pẹ́ níbẹ̀. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, eléré ti sáré padà sórí ìjókòó, ẹlòmíràn ti bọ́ sípò rẹ̀, eré ò sì dúró. Nítorí náà, adẹ̀yìnmú mẹ́fà ni ẹgbẹ́ sábà máa ń lò nínú ìdíje kan, wọ́n á sì pín wọn ní méjì-méjì sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn ògbóǹtarìgì ló wà ní ìpín kìn-ín-ní, wọ́n lè gbá tó ìṣẹ́jú 25 nínú 60 tó jẹ́ àpapọ̀ ìdíje. Àwọn tó wà ní ìpín kẹta lè má gbá ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ìpín tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá fi ọ̀dọ́ sí ló máa ń kọ́kọ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ adẹ̀yìnmú

Ẹ jẹ́ ká wo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré nínú iṣẹ́ rẹ̀. Alátakò ti gbá pọ́ọ̀kì jìnnà lọ sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé. Adẹ̀yìnmú gbọ́dọ̀ yí padà, kó sáré lọ bá a, kó sì kọ ẹ̀yìn sí gbogbo pápá. Eléré iwájú kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ fòò, ó fẹ́ fi èjìká kàn án mọ́ pákó, òfin eré sì fàyè gbà á. Kó tó dé ìdí pọ́ọ̀kì, adẹ̀yìnmú gbọ́dọ̀ ti wẹ̀yìn láti èjìká ọ̀tún, kó tún wẹ̀yìn láti ti òsì, kó lè mọ apá ibi tí ẹni náà ń gbà bọ̀.

Ó wá kan kó yan ọ̀nà kan. Ṣé kó gba ẹ̀yìn ilé fi pọ́ọ̀kì ránṣẹ́ sí ìkejì rẹ̀? Ṣé kó gbá a gba ara pákó lọ sókè? Ṣé kó fi í ránṣẹ́ sí àárín, níbi tó ti dùn jù tó sì ti léwu jù? Àbí kó ṣe bí ẹni ń lọ sọ́tùn-ún, kó yà sósì, kó sì gbé e sáré fúnra rẹ̀? Bó bá yàn dáadáa, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìkọlù nìyẹn. Bó bá ṣì í yàn, pọ́ọ̀kì ti bọ́ sọ́wọ́ alátakò níwájú aṣọ́lé.

Èkejì ni sísá sẹ́yìn. Nígbà tí alátakò bá ń gbé pọ́ọ̀kì bọ̀, adẹ̀yìnmú kì í kọ ẹ̀yìn sí i. Ojú kojú ni wọ́n jọ ń lọ, adẹ̀yìnmú ń fi ẹ̀yìn rìn lórí irin bàtà rẹ̀ bí ẹlẹ́yìí ṣe ń fi iwájú sáré. Bó bá sún mọ́ ọn jù, alátakò á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bó bá jìnnà sí i jù, alátakò á rí àyè ta pọ́ọ̀kì sáwọ̀n. Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín wọn ń yí padà ní gbogbo ìgbà, kò sì sí ìwé tó lè kọ́ ènìyàn ní ìwọ̀n rẹ̀. Ìdíje lórí ìdíje ni ara fi ń mọ̀ ọ́n.

Ìdí tí kì í fi í tètè gbó

Bí eléré iwájú bá ṣàṣìṣe, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn tó lè tún un ṣe. Bí adẹ̀yìnmú bá ṣàṣìṣe, aṣọ́lé nìkan ló kù. Nítorí náà, àṣìṣe ọ̀dọ́ iwájú kì í hàn sí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ti ọ̀dọ́ ẹ̀yìn máa ń di góòlù lójú ayé. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń kọ́, ṣùgbọ́n owó ilé ẹ̀kọ́ ti ọ̀kan wọ́n ju ti èkejì lọ.

Ẹ wo àgbàdo àti kòkó. Ẹni tó gbin àgbàdo á máa jẹ ẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹni tó gbin kòkó á dúró ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó rí èso. Bí àgbẹ̀ bá gé kòkó ọlọ́dún méjì danù pé kò so, a ò ní sọ pé igi náà ló yàgàn. Bí ọ̀rọ̀ eléré iwájú àti adẹ̀yìnmú ṣe rí gan-an nìyẹn.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí eré náà sábà máa ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dájọ́ adẹ̀yìnmú kó tó gbá tó 300 ìdíje nínú NHL. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdíje 82 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń gbá sáà kan. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ó lé ní sáà mẹ́ta àbọ̀, láìka ìgbà tó bá fara pa tàbí tó bá wà lórí ìjókòó. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́mọ ogún ọdún á ti tó ọmọ ọdún 24 kó tó hàn pé irú ẹni báyìí ni.

Ẹ̀rí èyí pọ̀. Ife ẹ̀yẹ kan wà tí wọ́n ń fún adẹ̀yìnmú tó dáńtọ́ jù lọ́dọọdún, James Norris Memorial Trophy. Ife Norris ni a ó máa pè é. Nicklas Lidström, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló dé Detroit lọ́dún 1991. Ọdún 2001 ló tó gba ife Norris àkọ́kọ́, ó ti pé ọmọ ọdún 31 nígbà náà. Lẹ́yìn náà ló wá gbà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà sí i. Gbogbo méjèèje ló bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti kọjá ọgbọ̀n ọdún.

Òótọ́ ni pé àwọn kan máa ń yára. Cale Makar gba ife Norris lọ́dún 2022 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 23, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Colorado, sì gba Stanley Cup, ife tó ga jù nínú eré náà, lọ́dún kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Ọdún 2017 ni Colorado ti mú un, ní ipò kẹrin. Wọn ò jù ú sáàárín àwọn àgbà lọ́gán. Sáà méjì ló fi gbá fún Yunifásítì Massachusetts kó tó wá bá wọn lọ́dún 2019. Ẹni tó yára jù náà ní ibi tó ti gbó díẹ̀.

Ọ̀nà tí ọ̀dọ́ ń gbà dé NHL

Wọn kì í jẹ́ kí ọ̀dọ́ fúnra rẹ̀ yan ẹgbẹ́ tó wù ú. Lọ́dọọdún, gbogbo ẹgbẹ́ NHL, tó jẹ́ 32 báyìí, á kóra jọ láti mú àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìpele méje. Ètò yìí ni wọ́n ń pè ní draft. Ìṣàyàn ni a ó máa pè é. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń mú jẹ́ ọmọ ọdún 18. Àwọn ẹgbẹ́ tí kò ṣe dáadáa ní sáà tó kọjá ló sábà máa ń mú ṣáájú, kí agbára lè tàn ká.

Lẹ́yìn ìṣàyàn, ẹgbẹ́ tó mú ọ̀dọ́ ló ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe pé ó di eléré NHL lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ á padà sí líìgì àwọn ọ̀dọ́ ní Kánádà, tàbí sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà, tàbí kí wọ́n dúró sí orílẹ̀-èdè wọn ní Yúróòpù. Bí wọ́n bá dàgbà díẹ̀, wọ́n lè lọ sí American Hockey League, tó jẹ́ líìgì kejì tó wà lábẹ́ NHL. Níbẹ̀ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ti lè fi ọ̀dọ́ sí ìpín kìn-ín-ní, kó gbá ìṣẹ́jú tó pọ̀, kó ṣàṣìṣe, kó sì tún un ṣe, láìsí pé ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ènìyàn ń hó lé e lórí.

Ibí yìí ni apá kejì àríyànjiyàn àwọn olólùfẹ́ ti ń wá. Ṣé ó sàn kí ọ̀dọ́ jókòó sí ìpín kẹta nínú NHL, kó máa gbá ìṣẹ́jú 12, kó máa wo àwọn àgbà? Àbí kó lọ sí líìgì kejì, kó gbá ìṣẹ́jú 24? Èrò tèmi ni pé ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ló ń mọṣẹ́. Kó gbá púpọ̀ níbi tí kò ga tó sàn ju kó gbá díẹ̀ níbi tó ga lọ, àyàfi bí àgbà kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ ọ gidi.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe pàṣípààrọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ mọ̀ pé bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ eléré ẹgbẹ́ kejì, owó ni wọ́n á gbé kalẹ̀. Nínú NHL kò rí bẹ́ẹ̀. Eléré ni wọ́n fi ń gba eléré. Wọ́n tún lè fi ẹ̀tọ́ láti mú ọ̀dọ́ nínú ìṣàyàn ọdún tí ń bọ̀ ṣe pàṣípààrọ̀. Nítorí náà, kò sí bí ẹgbẹ́ kan ṣe lè rí gbà láìjọ̀wọ́ nǹkan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi máa ń dun àwọn olólùfẹ́ wọra: ẹni tí wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀ lánàá lè di ti alátakò lónìí.

Ohun kejì ni owó oṣù. Láti ọdún 2005 ni NHL ti fi iye kan lélẹ̀ tí owó oṣù gbogbo eléré ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ kọjá. Salary cap ni wọ́n ń pè é. Gbèdéke owó ni a ó máa pè é. Ní sáà 2025 sí 2026, mílíọ̀nù 95.5 dọ́là ni gbèdéke náà. Bí ẹgbẹ́ kan bá san owó rẹpẹtẹ fún adẹ̀yìnmú kan, owó náà ti dín kù fún ẹlòmíràn nìyẹn.

Gbèdéke yìí ló sọ ọ̀dọ́ di ohun iyebíye. Ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀wé láàárín ọdún 18 sí 21 á wà lábẹ́ àdéhùn ọdún mẹ́ta tí owó rẹ̀ kéré. Bó bá tètè gbó, ẹgbẹ́ ń jẹ iṣẹ́ àgbà lówó ọmọdé. Ṣùgbọ́n a ti rí i pé adẹ̀yìnmú kì í tètè gbó. Àdéhùn olówó kékeré náà lè ti parí kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó pé. Nígbà tó bá sì pé ọmọ ọdún 27, tàbí tó ti lo sáà méje, tí àdéhùn rẹ̀ bá parí, ó lè kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ibi tó wù ú. Àlàfo tó wà láàárín ìgbà tó gbó àti ìgbà tó lè lọ kò fẹ̀. Máníjà ẹgbẹ́ mọ èyí, òun ló sì ń mú kí wọ́n máa kánjú.

Ohun kẹta ni ọwọ́. Àwọn kan ń gbá ọ̀pá sí ọ̀tún, àwọn kan sí òsì. Akọ́nimọ̀ọ́gbá sábà máa ń fẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún kan àti ọlọ́wọ́ òsì kan nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù lè gba pọ́ọ̀kì ní ìhà tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún kò pọ̀ tó àwọn ti òsì láàárín àwọn adẹ̀yìnmú, nítorí náà wọ́n máa ń wọ́n. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2016, Edmonton fi Taylor Hall, eléré iwájú tó gbóná, gba Adam Larsson, adẹ̀yìnmú ọlọ́wọ́ ọ̀tún, lọ́wọ́ New Jersey. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ Edmonton figbe ta. Ọdún 2018 ni Hall gba ẹ̀bùn Hart, èyí tí wọ́n ń fún eléré tó wúlò jù nínú gbogbo líìgì. Larsson ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ fún ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n fi gbà á wúwo.

Pronger àti Shanahan: pàṣípààrọ̀ tí ìdájọ́ rẹ̀ ń yí padà

Bí ẹ bá fẹ́ rí gbogbo ohun tí mo ti sọ nínú ìtàn kan ṣoṣo, ẹ wo ti Chris Pronger. Ọmọ ìlú Dryden ní ìpínlẹ̀ Ontario ni. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀. Lọ́dún 1993, Hartford Whalers mú un ní ipò kejì nínú ìṣàyàn, wọ́n sì gbé e wọ NHL lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí wọ́n mú un. Sáà méjì tó lò níbẹ̀ kò dán mọ́rán bí wọ́n ṣe rò.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1995, Hartford fi í gba Brendan Shanahan lọ́wọ́ St. Louis Blues. Shanahan ti gbá ju góòlù 50 lọ ní sáà kan, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀léra. Ààyò àwọn ará St. Louis ni. Ẹ fi ara yín sípò wọn: wọ́n gba ọ̀dọ́ ọmọ ogún ọdún tó ń ṣàṣìṣe, wọ́n jọ̀wọ́ ẹni tó ń gbá góòlù bí òjò. Inú bí wọn. Wọ́n máa ń hó lé Pronger lórí nínú gbọ̀ngàn ara wọn.

Mike Keenan ló ń ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá àti máníjà papọ̀ ní St. Louis nígbà náà, kò sì gba ìgbàkugbà. Ó fi dandan lé e pé kí Pronger tọ́jú ara rẹ̀ kó lè gbá ìṣẹ́jú tó pọ̀. Ohun mìíràn tó tún ràn án lọ́wọ́ ni pé Al MacInnis wà níbẹ̀, àgbà adẹ̀yìnmú tí ọta rẹ̀ lókìkí, tí òun náà ti Calgary wá lọ́dún 1994. Ọ̀dọ́ náà rí àgbà wò, ó sì rí àyè gbá. Lọ́dún 1997, wọ́n fi í ṣe balógun ẹgbẹ́.

Ọdún 2000 ni igi náà so. Pronger gba ife Norris àti ẹ̀bùn Hart lọ́dún kan ṣoṣo. Láti ìgbà tí Bobby Orr ti gba ẹ̀bùn Hart lọ́dún 1972, kò sí adẹ̀yìnmú mìíràn tó gbà á títí di ìgbà náà. Ọdún márùn-ún ló fi wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n hó lé e lórí àti ọjọ́ tí wọ́n dé e ládé. Ẹni tó bá ti ṣe ìdájọ́ lọ́dún 1996 ìbá ti ní St. Louis sọ̀kò sọ́jà.

Kí ni ti Hartford? Wọ́n fi Shanahan ṣe balógun, ṣùgbọ́n kò fẹ́ dúró. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1996 wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Detroit, níbi tó ti gba ife Stanley ní ọdún 1997, 1998 àti 2002. Lọ́dún 1997 kan náà, Hartford Whalers fúnra wọn kó kúrò nílùú lọ sí North Carolina. Ẹgbẹ́ tó jọ̀wọ́ adẹ̀yìnmú náà kò rí i jẹ, kò sì rí ẹni tó fi í gbà jẹ.

Ìtàn náà ò tíì parí. Lọ́dún 2005, nígbà tí gbèdéke owó bẹ̀rẹ̀, St. Louis fi Pronger ránṣẹ́ sí Edmonton, wọ́n sì gba adẹ̀yìnmú mẹ́ta tí kò lórúkọ tó tirẹ̀. Sáà kan péré ló lò ní Edmonton, wọ́n sì dé àṣekágbá ife Stanley lọ́dún 2006. Ó kọjá sí Anaheim, wọ́n gba ife náà lọ́dún 2007. Ẹ rí i báyìí pé St. Louis tó fara da àṣìṣe rẹ̀ kò rí ife náà gbà pẹ̀lú rẹ̀. Sùúrù ní èrè, ṣùgbọ́n ẹni tó ní sùúrù gbọ́dọ̀ tún mọ ìgbà tó yẹ kó dì í mú.

Àwọn méjì mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀

Zdeno Chara wá láti Trenčín ní Slovakia. New York Islanders mú un ní ipò 56 lọ́dún 1996. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínǹṣì mẹ́sàn-án, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú NHL, kíkọ́ irú ara bẹ́ẹ̀ láti yí padà lórí yìnyín sì gba àkókò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2001, Islanders fi òun, Bill Muckalt àti ẹ̀tọ́ láti mú ọ̀dọ́ kejì nínú ìṣàyàn gba Alexei Yashin lọ́wọ́ Ottawa. Ẹ̀tọ́ yẹn ni Ottawa fi mú Jason Spezza. Chara gba ife Norris lọ́dún 2009, ó sì jẹ́ balógun Boston nígbà tí wọ́n gba ife Stanley lọ́dún 2011. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà tí Islanders jọ̀wọ́ rẹ̀, ìgbà tí adẹ̀yìnmú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó gan-an.

Èkejì ni ti Montreal àti Nashville, tó wáyé lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ti Hall. Montreal fi P.K. Subban gba Shea Weber. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́, àmọ́ Subban jẹ́ ọmọ ọdún 27, Weber sì ń lọ sí 31. Àwọn tó ń ka ọdún ní Nashville ló jèrè. Lóòótọ́, Nashville dé àṣekágbá lọ́dún 2017. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún 2019 wọ́n ti jọ̀wọ́ Subban, nígbà tó sì di ọdún 2021 Weber ló ṣe balógun Montreal dé àṣekágbá tiwọn. Ọjọ́ orí ṣe pàtàkì, àmọ́ òun nìkan kò tó láti ṣe ìdájọ́.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀dọ́ ló ń di ìlú mọ̀ọ́ká

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ẹni tó bá ti ní sùúrù á rí Pronger. Ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá nínú NHL, Rumun Ndur, tí wọ́n bí ní Zaria lọ́dún 1975, adẹ̀yìnmú ni òun náà. Buffalo mú un nínú ìṣàyàn ọdún 1994. Ó lọ gbá ní líìgì kejì, ó gòkè wá, ó sì gbá fún Buffalo, New York Rangers àti Atlanta. Ìdíje tó gbá nínú NHL kò tó ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọ́n ń mú kì í débẹ̀ rárá, nítorí náà iṣẹ́ ribiribi lèyí tó ṣe. Ohun tí ìgbésí ayé rẹ̀ fi hàn ni pé ọ̀nà náà há, ẹgbẹ́ tó bá sì di gbogbo ọ̀dọ́ rẹ̀ mú láìjọ̀wọ́ ẹnì kan á pàdánù àgbà tí ì bá rí gbà.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín

Bí ẹ bá tún gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan fẹ́ fi ọ̀dọ́ adẹ̀yìnmú ṣe pàṣípààrọ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye ìdíje tó ti gbá. Bí kò bá tíì tó 300, àṣìṣe rẹ̀ kò tíì lè sọ irú ẹni tó jẹ́.

Ẹ tún bèèrè irú àṣìṣe tó ń ṣe. Bó bá ń yan ọ̀nà tó tọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì yá, ọjọ́ á yanjú ìyẹn. Bó bá ń yan ọ̀nà tí kò tọ́ lọ́dún kẹta bó ṣe ń yàn án lọ́dún kìn-ín-ní, àwọn tó fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ ní ẹjọ́ rò. Góòlù tó wọlé nìkan kò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn yín. Ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń lọ bá pọ́ọ̀kì ní kọ̀rọ̀: ṣé ó ń wẹ̀yìn, tàbí kò wẹ̀yìn?

Ẹ bèèrè ẹni tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ń gbá pẹ̀lú ọ̀dọ́ bíi tirẹ̀ kò ní ẹni tó máa bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀. Pronger rí MacInnis. Bí ẹgbẹ́ yín kò bá ní irú àgbà bẹ́ẹ̀, ó lè sàn kí wọ́n wá àgbà náà lọ́nà mìíràn, ju kí wọ́n fi ọmọ náà gbà á lọ.

Ní ìparí, ẹ bèèrè ibi tí ẹgbẹ́ yín wà. Bí ife Stanley bá ti sún mọ́ wọn, tí adẹ̀yìnmú àgbà kan ṣoṣo ló kù kí wọ́n gbà á, kí wọ́n fi ọ̀dọ́ gbà á kò burú, torí ìdí tí wọ́n fi ń tọ́ ọ̀dọ́ náà ni ife yẹn. Bí wọ́n bá wà nísàlẹ̀ tábìlì, tí wọ́n ń fi ọmọ ogún ọdún gba ẹni ọdún 30 kí inú àwọn olólùfẹ́ lè dùn fún sáà kan, ẹ kọ̀ ọ́, ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ má bá wọn hó lé ọmọ náà lórí. Àṣìṣe tó ń ṣe lọ́wọ́ yín lónìí, ẹ̀yin lẹ ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá lé e lọ kó tó mọṣẹ́ tán, ẹgbẹ́ mìíràn ló máa fi ẹ̀kọ́ náà gba ife.